Kí Èsì Tó Dé

Ní Òkè-Ògùn níbí, bí obìnrin bá sọ pé òun rí kókó lọ́mú, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Àdúrà gidi ni, inú ìfẹ́ ló sì ti wá. Ṣùgbọ́n àdúrà ọ̀hún náà ni wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ dé. Bó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e, wọ́n á ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi wálé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa dá gbé ẹ̀rù rẹ̀ kiri láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gba ẹran díẹ̀ nínú kókó tó wà ní ọmú mi òsì, àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ń pè ní bíọ́psì, èsì kò sì tíì dé. Mo mọ̀ pé nínú kókó tí obìnrin ń rí lọ́mú, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù. Àwọn kan jẹ́ àpò omi lásán. Òmíràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní fibroadenoma, tó máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí a bá fọwọ́ tì í, tí kì í sì í pani. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sábà máa ń ní ìyẹn, èmi sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí ariwo ìlú rọlẹ̀, “ló pọ̀ jù” yẹn kì í tó oorun í sùn, nítorí èmi kì í ṣe ọ̀pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mí.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ń ṣàníyàn, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mẹ́hẹ. Mi ò fara mọ́ ọn. Mò ń kírun, mo sì ń jí lóru tí àyà mi ń já. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó sì gbéra lọ sílé ìwòsàn, kí ni ìgbàgbọ́ tún fẹ́ kó ṣe? Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, jẹjẹrẹ ọmú bá èèyàn tó lé ní 28,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa iye tó lé ní 14,000. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí kókó bá ti tóbi, tàbí tó ti di egbò.

Lára ohun tó ń dá wọn dúró ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, pé bí irin bá ti kan kókó, yóò bínú, yóò sì fọ́n ká gbogbo ara. Abẹ́rẹ́ bíọ́psì kọ́ ló ń fọ́n jẹjẹrẹ ká. Ẹni tó pẹ́ kó tó lọ, àìsàn ti rìn jìnnà lára rẹ̀ kí irin tó kàn án, irin ni wọ́n wá di ẹ̀bi rù. Ohun tí abẹ́rẹ́ lè ṣe ni pé kí ojú ibẹ̀ wú, kó sì ṣẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń retí èsì bíi tèmi mọ èyí dáadáa, nítorí ọwọ́ kì í gbọ́rọ̀. Ìgbà gbogbo ló ń fẹ́ lọ tẹ ibẹ̀ wò, bóyá ó ti tóbi sí i. Yóò dà bíi pé ó tóbi lóòótọ́. Ojú abẹ́rẹ́ ló wú. Mo ti fòfin de ọwọ́ mi.

Ìgbà tí mo béèrè ìdí tí èsì fi ń pẹ́ ni ọkàn mi kọ́kọ́ ríbi jókòó sí. Ẹran náà kò tóbi ju okùn ìránṣọ kan lọ. Wọn yóò rẹ ẹ́ sínú formalin, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kó jẹrà, fún wákàtí púpọ̀. Wọn yóò fi ọtí líle fa omi ara rẹ̀ gbẹ, wọn yóò da ìda yíyọ́ sí i kó lè le, wọn yóò wá fi abẹ mímú rẹ́ ẹ sí pẹlẹbẹ. Bí a bá pín milimítà kan sọ́nà 1,000, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìpín 4 lọ. Irun orí kan nípọn jù ú ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe wà yẹn, kò láwọ̀, ojú kò sì lè rí nǹkan kan fà yọ nínú rẹ̀. Àfi kí wọ́n pa á láró.

Níbi tí wọ́n ti dárúkọ aró yìí, ọmọ Ìsẹ́yìn inú mi jí, nítorí ìlú aṣọ òfì ni ìlú wa. Haematoxylin ni orúkọ aró àkọ́kọ́. Inú igi kan tó ń hù ní Mexico àti àwọn ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn ará Sípéènì ló kó igi náà lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, aṣọ ni wọ́n sì fi ń pa kí àwọn oníṣègùn tó rí ìwúlò rẹ̀. Bí ẹ̀lú kì í ti í di aró láìsí omi eérú, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kì í mú láìsí álọ́ọ̀mù. Yóò sọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di dúdú aláró bí ẹtù. Aró kejì, eosin, yóò sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí àlàárì tó ti ṣá. Nígbà náà ni dókítà tó mọ ẹran ara wò yóò gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, kó wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì tò bó ṣe yẹ, bóyá kóró wọn ti tóbi jù, bóyá wọ́n ti kọjá ààlà wọn. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì rí mọ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí kò ṣe é kán lójú. Bí wọ́n bá sì rí jẹjẹrẹ, wọn yóò fi àyẹ̀wò mìíràn kún un láti mọ irú èyí tó jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bí fóònù kò bá dún lónìí, mi ò kà á sí àmì ibi mọ́.

Fóònù náà ní ewu tirẹ̀. Lóru, ohun tí èèyàn bá fi wá ìdáhùn ló máa ń fi rí ìbẹ̀rù tuntun. Ọ̀sán ni mò ń kàwé báyìí, mo sì ń yan ẹni tí mò ń kà. Mo ka nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ògbóǹtarìgì ní Chicago. Jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin adúláwọ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ pé àìsàn yìí kì í ṣe ẹyọ kan, pé oògùn tó ń ran irú kan lè má ran òmíràn.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Ṣakí. Yàtọ̀ sí baálé mi, òun ni mo yàn láti bá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, “Mi ò fẹ́ kí o sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́.” Mo sọ ọ́: ikú, owó, bí àyà mi yóò ṣe rí bí wọ́n bá gé ọmú, ta ni yóò máa tọ́jú ìyá wa. Ó sunkún, èmi náà sunkún, a wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ èlùbọ́ àti iye tí wọ́n ń tà á. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo mọ ìdí tí a fi ń bo àìsàn báyìí mọ́lẹ̀. Wọ́n lè ní àrùn ìdílé ni, kí ó wá dí ọmọ lọ́nà ilé ọkọ. Ẹni tí kò fẹ́ wa sì lè yọ̀. Síbẹ̀, mo ń yin Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu. Jẹjẹrẹ ọmú bá a, ó gba ìtọ́jú, kò sì bò ó. Ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1997, ó sì ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé òun ní in, òun sì wà láàyè. Obìnrin tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹni tó rí fúnra rẹ̀ kò ní ro pé kókó lọ́mú ti parí ayé òun.

Mo ti ń kọ ìbéèrè sínú ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá máa ń gba ìbéèrè lẹ́nu èèyàn. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe jẹjẹrẹ: ṣé wọn yóò yọ ọ́ ni, àbí a óò máa ṣọ́ ọ, ìgbà wo ni kí n padà wá? Bí wọ́n bá ní òun ni: irú èwo ni, ṣé họ́mónù ló ń bọ́ ọ, purotéènì tí wọ́n ń pè ní HER2 ńkọ́, ṣé ó ti dé abíyá, ibo ni mo ti máa gba ìtọ́jú, èló ni, èló ni ìbánigbófò ìlera mi yóò san níbẹ̀? Àbúrò mi ní òun ń bọ̀ láti Ṣakí, kí a jọ wọlé bá dókítà. Òun ni yóò máa kọ ìdáhùn sílẹ̀.