Màmá Àgbà Di Olùkọ́ Nínú Rélùwéè

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ní Èkó tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò dé oko bàbá tiwọn pàápàá rí. Wọ́n mọ olú-ìlú ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n bí o bá fi igi ẹ̀gẹ́ hàn wọ́n, wọn kò mọ ohun tí í ṣe.

Ní ilé wa ní Ladi-Lak, ìyá mi ń bá wa gbé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 75. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè fara da ọkọ̀ ojú títì mọ́. Ọdún mẹ́fà ni kò fi ojú kan Abẹ́òkúta. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé bí ó bá sọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ mi ń rín, títí ó fi di ẹni tí í dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín wa.

Nítorí náà, nígbà ìsinmi, èmi àti ìyàwó mi tu owó jọ, a sì kó gbogbo ilé lọ sí téṣàn Mobolaji Johnson ní Alágoméjì. Ojú irin tuntun yìí, tí ó gùn ní kìlómítà 157 dé Ìbàdàn, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Ti àtijọ́ ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1896.

Bí a ti kọjá Agége àti Àgbádó, ilé ń dínkù, oko ń pọ̀ sí i. Àbíkẹ́yìn mi nàka síta.

"Màmá Àgbà, kí ni yẹn?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, ọmọ mi. Inú rẹ̀ ni gàrí tí o ń mu ti wá."

Bí ìbéèrè ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi sọ bí òun àti ìyá òun ti máa ń fi rélùwéè àtijọ́ gbé gàrí lọ sí Ìddó, àti bí ó ti ń dúró ní Papalantó, ní Ìfọ̀ àti ní Wasinmi. "Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa: wá, sinmi." Àkọ́bí mi, tí í máa ń rẹ́rìn-ín jù, ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó sì sún mọ́ ọn.

A sọ̀ ní téṣàn Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta. Màmá kò lè gun Olúmọ. Ìdí àpáta ni ó jókòó sí, tí ó ń sọ fún wọn bí àwọn Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, ti wá sá di ibẹ̀ ní ọdún 1830. Lẹ́yìn náà a lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kíá ni ìyá mi kúnlẹ̀ tòun ti ẹ̀yìn dídùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe oríkì rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ẹnu ya àwọn ọmọ pé ẹnì kan ṣì wà láyé tí Màmá Àgbà ń kúnlẹ̀ fún.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kì í dákẹ́ nínú ilé wa mọ́. Àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí ó dákẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí agbára yín bá ká a, ẹ mú àwọn ọmọ yín wọ rélùwéè. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá wà nílé, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Fèrèsé lè fi oko hàn wọ́n. Àgbà ni yóò sọ ìtàn rẹ̀.