Iná Ọyẹ́ àti Iná Ìparí Ẹ̀rùn

Ní Olókèméjì, nínú igbó ọba tó wà létí Odò Ògùn láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta lọ́dún 1929. Ọdọọdún ni wọ́n ń dáná sun ọ̀kan ní Oṣù Kejìlá, wọ́n ń sun èkejì ní Oṣù Kẹta, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá.

Ní Oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, orí koríko á ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Iná tó bá wọ ibẹ̀ kì í lè sáré. Á máa rá pálá nílẹ̀, á jó èyí tó gbẹ, á fo èyí tó tutù, èéfín rẹ̀ á funfun, á sì ki. Bó bá dé abẹ́ òjìji, ó lè kú fúnra rẹ̀.

Ti Oṣù Kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko tó ga ju ènìyàn lọ ti gbẹ délẹ̀, ewé ń dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀, iná á sì máa bú ramúramù. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ń rúwé. Wọn kì í dúró de òjò. Ẹ wo ọ̀dọ́ igi òrí: ewé rẹ̀ ṣì rọ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, oúnjẹ tó fi pa mọ́ sínú gbòǹgbò ló fi yọ ọ́. Iná á jó o kanlẹ̀. Á tún hù látìdí, ẹ̀rùn tó ń bọ̀ á tún jó o. Gbòǹgbò rẹ̀ lè tóbi tó apá àgbàlagbà kí orí rẹ̀ má kọjá orúnkún. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tó ń wá ọ̀yà, ìparí ẹ̀rùn yìí náà ni wọ́n ń ṣáná sí igbó.

Lọ́dún 1960, àwọn onímọ̀ igbó méjì, J. R. Charter àti R. W. J. Keay, tẹ ìròyìn ohun tí ọdún 28 sọ ilẹ̀ náà dà jáde. Ibi tí wọ́n ń sun ní Oṣù Kẹta kò kúrò ní ọ̀dàn: koríko ló gbalẹ̀, àwọn igi tí ara wọn gba iná ló dúró káàkiri. Ibi tí iná kò kàn ti ń di igbó, òjìji sì ti lé koríko lọ. Ilẹ̀ Oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ta ni ó lè lé iná kúrò nínú ọ̀dàn pátápátá? Igi pọ̀ níbẹ̀ ju ti Oṣù Kẹta lọ, torí àwọn ọ̀dọ́ igi ráyè ga kọjá ahọ́n iná, díẹ̀ lára igi igbó tí kò fẹ́ràn iná sì ti ń wọ àárín wọn.