Ìwọ̀n Òjé Nínú Omi

Òkúta a máa rì sómi, igbá a sì máa léfòó. Ohun tí ó ṣòro ni kí nǹkan wà láàrin méjèèjì: kí ó má rì, kí ó má sì léfòó. Ẹ̀kọ́ tí òmùwẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ń kọ́ nìyẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó sì fi ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí afárá tó dé, èrò tí ó bá ti Ayétẹ̀ tàbí Èrúwà forí lé ìlà-oòrùn yóò bá odò Ògùn pàdé. Nígbà tí omi bá kún, igbá ńlá ni àwọn atukọ̀ odò náà fi ń gbé èrò kọjá. Èrò a gbé ẹrù rẹ̀ lé orí igbá, a sì gbá a mọ́ra. Atukọ̀ a dojú kọ ọ́ láti òdìkejì, a di apá rẹ̀ mú, a sì máa wẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ inú igbá ni ó gbé wọn ró. Bí ẹrù bá fì sí apá kan, wàhálà dé.

Ní àwọn ilẹ̀ tí omi wọn tutù púpọ̀, bíi Nọ́wè àti Skọ́tíláńdì, òmùwẹ̀ a máa wọ ẹ̀wù tí omi kì í wọ̀, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù náà àti aṣọ tí ó nípọn lábẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òtútù pa á. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di igbá: kò lè rì mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń di òjé mọ́ ìbàdí.

Òjé mélòó ni ó tó? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa di òjé púpọ̀, ó rò pé wíwúwo ni ààbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjé bá ti pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e ró yóò ti pọ̀ tó. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ òkun, afẹ́fẹ́ a súnkì di ìdajì ohun tí ó jẹ́ lókè. Ní mítà 30, a di ìdá mẹ́rin. Bí òmùwẹ̀ bá ń gòkè bọ̀, afẹ́fẹ́ náà a tún wú, a sì sáré lọ sí ibi tí ó ga jù lọ lára ẹ̀wù. Bí ẹsẹ̀ bá ga ju orí lọ, ẹsẹ̀ ni yóò wú, yóò sì fa olúwarẹ̀ gòkè lódìkodì. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tí ó wà ní apá, kò ní lè ràn án lọ́wọ́. Ìgòkè òjijì bẹ́ẹ̀ lè ya ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ènìyàn.

Ọlọ́gbọ́n òmùwẹ̀ a máa wọn ara rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ inú àgbá rẹ̀ bá kù díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ náà ní ìwọ̀n: ti inú àgbá kan lè ju kílò 2 lọ. Bí ó bá tú afẹ́fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ dànù, tí ó ku ìwọ̀nba, tí ó sì lè dúró jẹ́ẹ́ ní mítà 5, òjé rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ni yóò pín in, díẹ̀ ní ìbàdí, díẹ̀ ní ẹ̀yìn, títí yóò fi lè nà tọ́ọ́rọ́ bí ẹja. Bí ó bá ti òkun lọ sí odò, yóò dín in kù, nítorí omi òkun wúwo ju omi odò lọ: ẹni tí òun àti ẹrù rẹ̀ tó kílò 100 yóò yọ nǹkan bí kílò 2 àbọ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Lórí ilẹ̀, ẹni tí ó gbàgbé òwe yìí lè rí ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Lábẹ́ omi, kí ó tó wọlé ni kí ó ti wọ̀n ọ́n.