Lẹ́tà sí Bàbá láti Almaty

Bàbá mi,

  Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé kí ọkàn wọn balẹ̀. Òtútù Kazakhstan yìí mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá mi móoru, mo sì ti ra ẹ̀wù tó nípọn.

Ohun tí mo rí lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn. Ilé onípákó kan wà nínú ọgbà Panfilov níbí, ẹnìkan tó ń jẹ́ Zenkov ló kọ́ ọ ní 1908. Ilẹ̀ mì tìtì ní 1911, ọ̀pọ̀ ilé ìlú yìí wó, èyí ò wó. Ohun èlò orin àwọn Kazakh ló kún inú rẹ̀, Ykylas, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú kobyz, ni wọ́n sì fi sọ ilé náà lórúkọ.

Bàbá, kobyz yẹn! Ó jọ gòjé, àmọ́ odindi igi kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti orí dé ìdí. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀ méjèèjì. Ti àwọn baksy tó ń fi í wo aláìsàn ní dígí nínú ikùn, irin wẹ́wẹ́ sì ń ró lára rẹ̀.

 

Dombra olókùn méjì ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Ìtàn wọn ni pé Jochi, ọmọ Genghis Khan, lọ ṣọdẹ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ sì pa á. Ọba ti búra pé ẹni tó bá túfọ̀ ọmọ òun, òjé gbígbóná ni òun yóò dà sí i lọ́fun. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Ketbuga gbé dombra jókòó níwájú ọba, kò la ẹnu, ó kàn ń ta okùn. Eré ẹranko dún níbẹ̀, ẹkún dún níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé ọba. Dombra ni wọ́n da òjé lé lórí, wọ́n ní ibẹ̀ ni ihò ara rẹ̀ ti wá. Wọ́n ṣì ń ta orin náà dòní, Aksak Kulan ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ wí, igi ló wí i. Ẹ̀yin ọmọ Àyàn ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù.

Nítorí náà, Bàbá, ìyáàlù Bàbá Àgbà tó wà lókè àjà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ awọ rẹ̀, màá fi owó ránṣẹ́. Kí ẹnìkan nínú ilé kọ ohun gbogbo tí ẹ bá wí nípa rẹ̀ sílẹ̀: ta ló gbẹ́ igi rẹ̀, ọba wo ni wọ́n lù ú fún. Àwọn Kazakh ò fi tiwọn ṣeré. Ẹ má jẹ́ ká fi tiwa ṣeré.

Èmi ni ọmọ yín,
Àyánkúnlé