OJÚ NÍ KÒ SÓHUN TÓ ṢE IGBÓ, ETÍ NÍ IRỌ́ NI!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ yín bá wálé, tó ní iṣẹ́ tó wu òun ni kóun máa gba ohùn ẹyẹ àti ẹranko sílẹ̀ nínú igbó, kí lẹ máa sọ? Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ẹyẹ ni yóò máa san owó oṣù fún ọ ni?" Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni, ó sì ní àwọn ọ̀gá tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Bernie Krause, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1938. Olórin ni tẹ́lẹ̀, gìtá ló ń ta. Ní 1968, òun àti Paul Beaver, ẹnìkejì rẹ̀, fẹ́ ṣe àwo orin kan tí ohùn igbó máa wà nínú rẹ̀. Bí Krause ṣe gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọgbó nìyẹn, iṣẹ́ tuntun sì gbà á lọ́wọ́ ti àtijọ́.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jókòó sínú igbó, torí àfẹ̀mọ́júmọ́ lẹyẹ ń kọrin jù. Wọn ò gbọdọ̀ húkọ́, wọn ò gbọdọ̀ mira. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá lókè, ó bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe.

Ní 1985, ẹja àbùùbùtán kan tí wọ́n sọ ní Humphrey ṣìnà kúrò lókun, ó wọ odò Sacramento ní California. Wọ́n lu irin nínú omi kó lè sá padà, kò gbà. Ìgbà tí wọ́n wá fi ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹun sínú omi ló tẹ̀ lé e, ó sì padà sókun. Krause wà lára àwọn tó ṣètò ohùn náà.

Àmọ́ ti 1988 ló dunni jù. Àwọn agégẹdú fẹ́ wọ Lincoln Meadow, lórí òkè Sierra Nevada. Wọ́n ní igi díẹ̀díẹ̀ làwọn máa ṣà gé, kò ní pa igbó lára. Krause gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Lọ́dún kejì, ó padà lọ lásìkò kan náà. Ẹni tó bá ya fọ́tò ibẹ̀ kò ní mọ̀ pé àáké kan igi kankan. Ṣùgbọ́n orin ẹyẹ ti lọ! Ariwo odò ló kù, àti ẹyẹ àkókó kan tó ń ṣe kó-kó-kó lára igi.

Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó ti pẹ́ lọ́jà, bó di ojú rẹ̀, á mọ̀ bóyá ọjà kún tàbí ó ti tú.

Ní 2017, iná jó ilé Krause di eérú. Òun àtìyàwó rẹ̀ rọ́nà sá jáde. Ìwé jó, ẹ̀rọ jó. Orí ló yọ ọ́ pé ó ti fi ẹ̀dà ohùn wọ̀nyẹn pamọ́ síbòmíì.

Krause fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì ohùn tóun gbà sílẹ̀ ló jẹ́ ti ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó ti pa rọ́rọ́. Inú ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ wọn báyìí. Ẹni tó bá ní tépù tí ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wà nínú rẹ̀ mọ bó ṣe ń rí: ohùn wà, ìyá ò sí.