Orúkọ Tí Bàbá Wa Fi Jagun

Nínú àpótí bàbá wa olóògbé ní Lágelú, a rí ìwé tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní 1946, lẹ́yìn ogun Bọ́má. "Ìbàdàn" ló wà níbi orúkọ ìdílé wọn! Orúkọ ìlú ni àwọn akọ̀wé ológun Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun. Láàárín nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sógun náà, nọ́ńbà bàbá nìkan la lè fi dá wọn mọ̀. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n fi jagun, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ bàbá wa. Àmín.