Gáàsì tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ wọ yàrá 🧵

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́lé sí ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Fáúńdéṣọ̀n ti jáde nílẹ̀, ó ku kí wọ́n da jámánì-fúlọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àǹtí wa tó wà ní Maryland pè wá lórí WhatsApp. Ilé tó fẹ́ rà, wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò, wọ́n ní radon pọ̀ níbẹ̀.

Màámi ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Àǹtí ní gáàsì tó ń jáde látinú ilẹ̀ ni. Màámi yíjú sí mi: "Àbí ilẹ̀ ń só ni?" 😂😂

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o, ó fẹ́ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta tí kò ní uranium bíńtín nínú. Bí uranium yẹn ṣe ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ó ń di nǹkan mìíràn, títí á fi di radon. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò ta ni lọ́fun. Tó bá jáde sí gbangba, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Tó bá gba ibi tí ilẹ̀ ilé ti sán tàbí ẹ̀gbẹ́ páìpù wọnú yàrá tí a tì pa, ibẹ̀ ló máa kóra jọ sí.

Kì í pa èèyàn lóru ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àjọ WHO ní nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró 100, 3 sí 14 ló lè jẹ́ ọwọ́ radon, bí orílẹ̀-èdè bá ṣe rí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba wọn ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 21,000 èèyàn tó ń kú lọ́dún. Ẹni tó bá tún ń mu sìgá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ewu tiẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ fíìfíì.

Báwo ni ariwo rẹ̀ ṣe ta ní Amẹ́ríkà? Ní December 1984, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stanley Watras ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná nuclear ní Limerick, Pennsylvania. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro tó bá ti kọjá. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá! Ara rẹ̀ ló ti gbé e wá láti ilé. Nígbà tí wọ́n wọn ilé rẹ̀, ó ju ìlọ́po 600 ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà ní kí èèyàn ti wá nǹkan ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Amẹ́ríkà nìyẹn, ibi òtútù." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé àtijọ́ ní Màkún àti Ọ̀fìn, fèrèsé ṣí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí, atẹ́gùn ń wọlé ń jáde. Ẹ wá wo ilé tiwa báyìí: fèrèsé onígíláàsì tó dé pinpin, éésì, POP. Ẹ̀fọn lóde, olè lóde, èéfín jẹ́ǹ aládùúgbò lóde. A tì í pa.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Abẹ́òkúta jókòó lórí òkúta líle, ẹ ṣáà mọ Olúmọ. Irú òkúta yẹn sábà máa ń ní uranium ju yanrìn lọ. Ṣàgámù tiwa, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kì í wọn radon o. Ilé méjì lè fẹ̀gbẹ́ kanra, kí ti ọ̀kan pọ̀, kí ti èkejì má tó nǹkan. Àfi ká wọ̀n ọ́n.

Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò ju ike kékeré lọ. Wọ́n á gbé e sí yàrá ìsàlẹ̀ tí èèyàn ń sùn, kì í ṣe kíṣìnnì tàbí balùwẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé. Á wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí ọdún kan, wọ́n á wá dá a padà sí láàbù. WHO ní kó má ju becquerel 100 lọ nínú kúbíìkì mítà kan. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó má kọjá 300.

Ti àǹtí wa, wọ́n gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ ilé, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, wọ́n fi fáànù kékeré sí i tó ń fa gáàsì yẹn jáde sókè òrùlé. Wọ́n tún un wọ̀n, ó ti wálẹ̀. Ó ra ilé rẹ̀.

Ìyẹn ni mo gbé lọ bá bíríkìlà ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ máa fa èémí ilẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Náílọ́ọ̀nù dúdú tí ẹ máa tẹ́ nítorí omi ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ gunra wọn, kó má sì ya. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi páìpù kan síbẹ̀ kó gba inú ògiri yọ sókè òrùlé. Tí a bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iwájú tó pọ̀, fáànù nìkan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fajúro. Owó ni! Mo bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa sùn ní yàrá ìsàlẹ̀?" Ó dákẹ́. Màámi ni. Orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ó ní kí wọ́n ra páìpù.

Ẹ̀yin tí ilé yín ti parí: ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó sán nílẹ̀, ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: tí jẹ́ǹ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ má ṣí i! Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ ò lóòórùn bíi radon, ṣùgbọ́n òun ò dúró dọdún, àárọ̀ ọ̀la ò jìnnà sí i. Ẹ gbé jẹ́ǹ jìnnà sílé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín kọjú síta. Ẹ bẹ aládùúgbò náà. Nígbà náà la tó lè ṣí fèrèsé fún radon.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò tíì da jámánì-fúlọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti dà á, owó rẹ̀ á lé sí i. 🙏🏾